Oyún tí ó ṣìnà, àti abẹ́rẹ́ tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá jẹ́ obìnrin tí ó ti lóyún rí ní Ìfọ̀nyìn wa yìí, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, ẹ mọ oògùn oníhóró kékeré tí àwọn agbẹ̀bí máa ń fún aboyún. Wọ́n á ní kí ẹ máa lo ẹyọ kan lójúmọ́, pé ó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára. Ohun méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Èkíní ni èròjà irin. Èkejì ni fítámìn kan tí wọ́n ń pè ní ásíìdì fólíìkì. Àwọn ọkùnrin náà mọ hóró yìí, nítorí àwọn ni wọ́n máa ń rí i lórí àpótí nígbà tí ìyàwó bá gbàgbé láti lò ó. Ẹ fi hóró yẹn sọ́kàn. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yóò rìn jìnnà. Yóò dé Íńdíà, yóò dé Amẹ́ríkà àti Jàpáànù, ṣùgbọ́n yóò padà wá bá hóró yẹn nílé.

Ìtàn oyún tí ó ṣìnà ni.

Nínú ara obìnrin, ọ̀nà tóóró méjì wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọ̀nà yìí ni ẹyin obìnrin ń gbà lọ sí ilé-ọmọ, inú rẹ̀ náà sì ni ẹyin ti ń pàdé àtọ̀ ọkùnrin. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pàdé, wọ́n ní láti rìn dé ilé-ọmọ kí oyún tó fìdí múlẹ̀. Ilé-ọmọ nípọn, ó sì ń fẹ̀ bí ọmọ ti ń dàgbà. Ọ̀nà ẹyin kò rí bẹ́ẹ̀. Kò tóbi ju bíìkì tí ẹ fi ń kọ̀wé lọ. Ṣùgbọ́n nínú 100 oyún, 1 tàbí 2 kì í dé ilé. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà náà ti lápàá nítorí àìsàn tí a kò tọ́jú dáadáa. Oyún á wá dúró sójú ọ̀nà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí dàgbà níbẹ̀.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ọ̀nà náà á máa fà. Nígbà tí oyún bá wọ ọ̀sẹ̀ 6 títí dé ọ̀sẹ̀ 8, ó lè bẹ́. Nígbà mìíràn ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú ikùn, níbi tí ojú kò rí. Obìnrin tí ó jí dáadáa láàárọ̀, tí ó ru ẹrù lọ sí ọjà Ìgòlò, lè dákú kí ọjà tó tú. Àwọn èèyàn á ní wọ́n ta á lọ́fà. Àwọn mìíràn á ní oyún ni ó fẹ́ ṣẹ́, wọn á sì máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí ó gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà nínú ikùn kì í dúró de ẹni tí ó lọ wádìí. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ gbangba: obìnrin tí oyún rẹ̀ ṣìnà kò ṣẹ́ oyún, kò sì ṣe àgbèrè. Bí ó bá jẹ́ àìsàn ni ó ba ọ̀nà ẹyin jẹ́, ọkọ lè jẹ́ ẹni tí ó gbé àìsàn náà wálé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè bóyá a lè gbé oyún náà kúrò níbi tí ó wà, kí a fi í sí ilé-ọmọ. Rárá. Títí di òní, kò sí dókítà tí ó mọ bí a ti ń ṣe é. Oyún náà kò lè di ọmọ. Ìyá ni a lè gbà là.

Àwọn àgbà oníṣègùn ti mọ̀ nípa oyún yìí tipẹ́. Ní nǹkan bí 1000 ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn Mùsùlùmí kan wà ní ìlú Córdoba, ní ilẹ̀ Sípéènì. Orúkọ rẹ̀ ni al-Zahrawi. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun tọ́jú obìnrin kan tí ìkùn rẹ̀ wú tí ó sì ń ṣe ọyún, egungun ọmọ sì ń jáde láti ojú egbò náà. Ọmọ tí kò dé ilé-ọmọ ni. Obìnrin yẹn yè, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni irú rẹ̀.

Ẹ má rò pé ìtọ́jú láìlo ọ̀bẹ jẹ́ ohun tuntun. Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, àwọn dókítà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń bẹ̀rù láti la ikùn èèyàn. Wọ́n rò pé bí àwọn bá lè pa oyún náà níbi tí ó wà, obìnrin á yè. Wọ́n fi ebi pa obìnrin. Wọ́n fún un ní oògùn tí ń mú kí ó máa yàgbẹ́. Wọ́n fún un ní májèlé díẹ̀. Àwọn kan fi iná mànàmáná sí i lára. Wọ́n tilẹ̀ ń gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀! Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tán nínú rẹ̀, ẹ tún ń gbẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní 1876, dókítà kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ John Parry kó ìròyìn 500 irú oyún bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé kan. Ju 300 lọ nínú àwọn obìnrin náà ni wọ́n kú.

Ní ìlú Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà kan wà tí ń jẹ́ Lawson Tait. Ní 1881, dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pè é wá wo obìnrin tí ọ̀nà ẹyin rẹ̀ ti bẹ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ó la ikùn, kí ó yọ ọ̀nà tí ó bẹ́ náà. Tait kọ̀. Obìnrin náà kú. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú náà wò, Tait rí i pé òun ìbá ti lè dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 1883, ó gbà láti la ikùn ẹlòmíràn. Obìnrin yẹn náà kú. Tait kò jáwọ́. Ní ọdún kan náà ó tún ṣe iṣẹ́ abẹ fún òmíràn, ó tètè di ojú ẹ̀jẹ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, obìnrin náà sì yè. Láti ọjọ́ yẹn ni ayé ti mọ̀ pé ọ̀bẹ lè gba obìnrin tí oyún rẹ̀ ṣìnà là.

Ọ̀bẹ ni ó ṣì ń gbà wọ́n là títí di òní, bí ọ̀nà ẹyin bá ti bẹ́. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan tí ó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí a tó máa lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí hóró àwọn aboyún. Ní 1928, obìnrin oníṣègùn kan kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Íńdíà. Lucy Wills ni orúkọ rẹ̀. Ní ìlú Bombay, ó rí àwọn aboyún tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Òtòṣì ni wọ́n, oúnjẹ wọn kò dára, ẹ̀jẹ̀ kò sí lára wọn. Ó wá ohun tí ó lè wò wọ́n. Ó rí i pé bí òun bá fún wọn ní ohun jíjẹ kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi sórí búrẹ́dì, tí wọ́n fi ìwúkàrà ṣe, ẹ̀jẹ̀ wọn ń padà. Ohun jíjẹ náà ń jẹ́ Marmite. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1931. Kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an. Ní 1941, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà rí ohun náà nínú ewé ẹ̀fọ́, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ewé sọ ọ́ lórúkọ. Òun ni ásíìdì fólíìkì. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe lásán ni àwọn ìyá wa ń ní kí aboyún máa jẹ ẹ̀fọ́.

Kí ni iṣẹ́ fítámìn yìí? Ohunkóhun tí ó bá ń dàgbà kíákíá nínú ara kò lè ṣe láìsí i. Ẹ̀jẹ̀ tuntun ń fẹ́ ẹ. Ọmọ inú ń fẹ́ ẹ. Àìsàn jẹjẹrẹ pẹ̀lú ń fẹ́ ẹ, nítorí òun náà ń dàgbà kíákíá. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọmọ Íńdíà kan wà ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Yellapragada Subbarow. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àwọn oògùn kan tí wọ́n jọ ásíìdì fólíìkì bí ìbejì, ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe é. Ẹ ronú sí kọ́kọ́rọ́ èké. Ó wọ ojú ihò, ó há síbẹ̀, kò yí, kò sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ gidi ráàyè wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn náà ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ fítámìn. Ohun tí ó ń dàgbà kíákíá á dúró, á sì kú. Ní 1948, Dókítà Sidney Farber ní ìlú Boston kéde pé irú oògùn yìí mú kí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lára àwọn ọmọdé kan. Ọ̀kan nínú ẹbí oògùn náà ni methotrexate.

Nígbà tí ó di 1956, dókítà méjì ní ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà, Min Chiu Li àti Roy Hertz, fi methotrexate tọ́jú àwọn obìnrin tí wọ́n ní jẹjẹrẹ tí ń ti ara ibi ọmọ wá. Kí ó tó di ìgbà náà, ikú ni òpin àìsàn yẹn bí ó bá ti tàn ká ara. Àwọn kan nínú wọn sàn pátápátá. Ìtàn Li dùn mí púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ sí i. Ibi ọmọ máa ń tú ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ obìnrin. Ohun yìí ni ìdánwò oyún ń wá. A ó máa pè é ní àmì oyún. Li rí i pé bí wú náà tilẹ̀ ti lọ, tí obìnrin ń rẹ́rìn-ín, bí àmì yẹn bá ṣì wà nínú rẹ̀, àìsàn kò tíì tán. Ó ń fún wọn ní oògùn títí àmì náà fi pòórá. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ó ń fi oògùn ṣe èèyàn níbi. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tí ó tọ́jú bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà kò padà sí lára. Ní 1972, wọ́n fún òun àti Hertz ní ẹ̀bùn ńlá kan tí ń jẹ́ Lasker.

Ẹ wò ó: bí methotrexate bá lè pa jẹjẹrẹ ibi ọmọ, ó lè dá oyún tí ó dúró sí ibi tí kò yẹ dúró pẹ̀lú. Síbẹ̀ ó gba ọdún 26 kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ṣe é. Kí ni ó fà á? Wọn kì í rí oyún náà títí ọ̀nà á fi bẹ́. Ohun méjì ni ó yanjú èyí. Ní 1958, Ian Donald ní ìlú Glasgow fi han ayé pé ẹ̀rọ tí ń lo ìró tí etí kò gbọ́ lè ya àwòrán inú ikùn. Òun ni àwa ń pè ní ẹ̀kógíráfì lónìí. Ní 1972, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí bí a ti ń wọn àmì oyún nínú ẹ̀jẹ̀, bí ó tilẹ̀ kéré gan-an. Nígbà náà ni dókítà lè sọ pé: àmì oyún wà nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò rí oyún kankan nínú ilé-ọmọ. Níbo ni ó wà?

Ní 1982, Dókítà Tanaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànù fi methotrexate tọ́jú obìnrin kan tí oyún rẹ̀ dúró sí ibi tí ọ̀nà ẹyin ti wọ ilé-ọmọ. Ibẹ̀ léwu púpọ̀ láti gé. Oyún náà gbẹ, wọn kò sì la ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, Dókítà Thomas Stovall àti Dókítà Frank Ling bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wọn léèrè bóyá obìnrin tilẹ̀ nílò láti sùn sí ilé ìwòsàn. Ní 1989, wọ́n kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí wọ́n gba oògùn tí wọ́n sì padà sílé. Lákọ̀ọ́kọ́, abẹ́rẹ́ náà pọ̀. Ní 1991, wọ́n dín in kù sí ẹyọ kan ṣoṣo. Ní 1993, wọ́n ka 120 obìnrin tí wọ́n tọ́jú bẹ́ẹ̀: 113 ni ó sàn láìlo ọ̀bẹ. Ní 1999, ní ìlú yẹn kan náà, wọ́n ka 350. 320 ni ó sàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí àmì oyún bá ti ga jù nínú ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ kò ní rọrùn láti ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó tètè dé ni ó ń jàǹfààní rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Dókítà á kọ́kọ́ rí i dájú pé ọ̀nà kò tíì bẹ́, pé oyún náà kéré, pé ọkàn ọmọ kò tíì máa lù. Á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, á yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wò, nítorí oògùn yìí lè bà wọ́n jẹ́. A kì í fún ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú. Wọ́n á gún obìnrin ní abẹ́rẹ́ kan ní ìdí tàbí ní itan, á sì lọ sílé. Ní ọjọ́ 4, á padà wá kí wọ́n wọn àmì oyún. Ní ọjọ́ 7, á tún padà wá. Láàárín ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 7, àmì náà gbọ́dọ̀ dín kù, ó kéré tán, ìwọ̀n 15 nínú 100. Bí kò bá dín kù tó bẹ́ẹ̀, wọ́n lè tún un gún, tàbí kí wọ́n mú ọ̀bẹ. Bí ó bá dín kù, á máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí àmì náà á fi tán. Ẹ rántí Li: ìgbà tí ó bá tán ni ó tán.

Ikùn lè máa ro obìnrin náà díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá le, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí èjìká bá ń ro ó láìgbé ẹrù, ọ̀nà lè ti bẹ́ nìyẹn. Bó ṣe òru, bó ṣe òjò, ẹni kan gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní obìnrin lè máa gba ìtọ́jú láti ilé, ilé náà pẹ̀lú wà nínú ìtọ́jú: ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà, ẹni tí ó ní ọ̀kadà, owó díẹ̀ ní ìkáwọ́, ọkọ tí ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún gbogbo ará ilé kò ní ẹni tí yóò gbé e lóru.

Hóró wa ńkọ́? Ní àkókò yẹn, obìnrin náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ó bá lo ásíìdì fólíìkì, kọ́kọ́rọ́ gidi á borí kọ́kọ́rọ́ èké, abẹ́rẹ́ á sì di asán. Hóró kan náà tí agbẹ̀bí ń bẹ̀ wá pé kí a má gbàgbé ni dókítà á bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbàgbé fún ìgbà díẹ̀. Kò gbọdọ̀ mu ọtí náà. Oògùn yìí kì í sì í ṣe ti ojú pópó. Ẹni tí ó bá rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń ru oògùn kiri ọjà, láìsí ẹni tí ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ra ewu.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, àti ní Nàìjíríà tí ó wà lẹ́yìn ẹnubodè, ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í dé ilé ìwòsàn títí ọ̀nà á fi bẹ́. Àwọn dókítà Nàìjíríà ti kọ ọ́ léraléra nínú ìwé wọn. Kò sí ẹni tí ó ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Obìnrin lè má tíì mọ̀ pé òun lóyún. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó rí, ó rò pé nǹkan oṣù ni. Láti Bánígbé tàbí Lagbè sí ilé ìwòsàn tí ó ní dókítà oníṣẹ́ abẹ, ọ̀nà kì í ṣe kékeré, pàápàá lásìkò òjò. Fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú Tait ni: ọ̀bẹ, kíákíá. Bí ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà sí i lára kò bá sí, àwọn dókítà kan ní Áfíríkà máa ń bu ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tí ó dà sínú ikùn, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì dá a padà sínú iṣan rẹ̀. Dókítà Thies ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Jámánì ní 1914. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là.

Ẹ̀yin obìnrin ni ẹ lè mọ̀ kí ẹ̀rọ tó mọ̀. Nǹkan oṣù tí kò wá lásìkò, ìrora nísàlẹ̀ ikùn lápá kan, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó dúdú: bí mẹ́ta yìí bá pàdé, ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ ilé ìwòsàn, kì í ṣe ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìwé kíkọ báyìí, ẹ lè máa kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí agbẹ̀bí máa ń bi yín ni, ọ̀pọ̀ wa ni a sì máa ń fi ẹnu pa á mọ́ra nítorí a kò rántí.

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù, èyí tí ìyá ọkọ máa ń béèrè kí ọkọ tó béèrè: ṣé ó ṣì lè bímọ? Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn dókítà tẹ̀ lé àwọn obìnrin tí oyún wọn ṣìnà fún ọdún 2. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2013. Nínú 100 obìnrin tí wọ́n gba abẹ́rẹ́, nǹkan bí 67 ni ó tún lóyún tí ó sì wà nínú ilé-ọmọ. Nínú 100 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láìgé ọ̀nà ẹyin kúrò, nǹkan bí 71 ni. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Àwọn tí wọ́n yọ ọ̀nà ẹyin kan lára wọn pàápàá, púpọ̀ nínú wọn tún lóyún nípasẹ̀ èkejì.

Ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ á dúró fún nǹkan bí oṣù 3 kí ó tó tún lóyún, kí oògùn náà lè tán lára rẹ̀. Bí ó bá wá lóyún, á tètè lọ ṣe ẹ̀kógíráfì, nítorí oyún tí ó ṣìnà lẹ́ẹ̀kan lè tún ṣìnà. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ilé-ọmọ ni ó wà, agbẹ̀bí á ṣí dúrọ́ọ̀, á sì tún ka hóró kékeré sí i lọ́wọ́, ẹyọ kan lójúmọ́.